Ẹ́ńjìnì katakata nínú píkọ́ọ̀pù: Ó ń sáré, ṣùgbọ́n ṣé yóò dúró?

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan n'Íkìrun. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan tí àgbẹ̀ kan láti Ìnísà fi ń kó iṣu ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì oníbẹntiróòlù tó bá ọkọ̀ náà wá ti kú pátápátá. Katakata Massey Ferguson 135 kan sì wà tí jíà rẹ̀ ti fọ́, àmọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì pé. Wọ́n tú ẹ́ńjìnì katakata náà, wẹ́dà ṣe ìjókòó fún un, wọ́n gbé e sínú píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí wọ́n taná sí i, tí èéfín dúdú tú jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbùdù-gbùdù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè.

Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì pé: "Ọ̀gá, bíréèkì ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Iṣẹ́ ọpọlọ ni kí èèyàn gbé ẹ́ńjìnì katakata sínú píkọ́ọ̀pù, mi ò ní bú ẹni tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó mọ rírìn tí kò mọ dídúró, ikú ló rù kiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ojú wa ti rí nǹkan. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 di ₦617 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Dísẹ́ẹ̀lì náà ò pọ́ọ́kú o, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá dọ́gba, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í mu epo tó bẹntiróòlù. Ẹni tó ń kó iṣu láti oko Òkukù lọ sọ́jà, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ́ńjìnì tuntun ò ṣeé rà. Bí kò bá sí ẹṣin, a máa ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni.

Ó dáa, ó ti gbé e síbẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní kú sójú ọ̀nà?

Ohun àkọ́kọ́ ni epo tó mọ́. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún mọ́lẹ̀ títí táá fi gbóná gan-an, nọ́súlù á wá fọ́n epo sí i, iná á sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ bá kọ̀, tí bátìrì sì lágbára, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Omi àti ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì ló ń ba pọ́ǹpù àti nọ́súlù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí epo tí ẹ rà nínú kẹ́ẹ̀gì sùn mọ́jú, kí ẹ rọra da ti òkè, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Láàárọ̀, ẹ tú omi tó bá wà nísàlẹ̀ fíítà dànù. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì lú, ẹ sá fún un. Epo yẹn gan-an ló ń ṣe bí ọ́ìlì fún pọ́ǹpù. Kẹrosíìnì kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irin á máa jẹ irin.

Bí epo bá tán sójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù, ẹ́ńjìnì ò sì ní í ṣáná bí ẹ tilẹ̀ rọ epo kún táǹkì. Ẹ tú ìdè orí fíítà díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ pọ́ǹpù títí epo á fi máa jáde láìní ìfóófòó, kí ẹ wá dè é. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ara pọ́ǹpù ńlá náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ kan epo tí nọ́súlù bá ń fọ́n o. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè gún awọ wọnú ẹran ara, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́ àti ooru. Eruku ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́ máa ń jẹ ẹ́ńjìnì bí ikán. Fíítà afẹ́fẹ́ katakata àtijọ́ máa ń ní abọ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀ tó ń mú eruku, ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ò padé. Rédíétọ̀ náà, kó tóbi tó. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú yíyọ tẹ́mósítáàtì dànù. Dísẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣiṣẹ́ ní tútù kì í jó epo tán, èédú á sì dì sínú rẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìtọ́jú katakata, kì í ṣe kìlómítà. Kí awakọ̀ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ wákàtí tó ṣiṣẹ́ sí, kó lè mọ ìgbà tí ọ́ìlì tó pààrọ̀.

Ìkẹta ni eré. Ẹ́ńjìnì Massey Ferguson 135 kò ju bíi 2,250 yíyí ní ìṣẹ́jú kan lọ, nígbà tí ti Peugeot oníbẹntiróòlù ń yí kọjá 5,000. Pẹ̀lú jíà kan náà, ọkọ̀ ọ̀hún kò ní í fẹ́ ju nǹkan bíi 60 sí 70 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Kí awakọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Irin kan wà lára pọ́ǹpù tó ń dá ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ kọ́ kó má sáré pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá tú u nítorí eré, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ sàréè ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìbéèrè tí mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì.

Ẹ́ńjìnì oníbẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró kan. Fífà yẹn ni wọ́n fi rọ́bà kan so mọ́ búsítà bíréèkì, òun ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì katakata kò ní ọ̀nà tóóró yẹn. Bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ tó ní búsítà, tí wọn ò wá nǹkan mìíràn tí yóò máa fa afẹ́fẹ́, bíréèkì á le koránkorán. Awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ò ní tètè dúró. Ẹ wá rò ó pé ọkọ̀ ọ̀hún kó iṣu tọ́ọ̀nù kan, èèyàn mẹ́fà jókòó lórí iṣu, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń sọdá.

Oògùn rẹ̀ ò jìnnà. Àwọn altánétọ̀ Hilux àti Isuzu onídísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wà tó jẹ́ pé pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n gbé ọ̀kan sí i. Àyẹ̀wò rẹ̀ náà ò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀márùn-ún títí táá fi le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ṣáná. Bó bá rọ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, búsítà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rọ̀, ẹ má jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

A kọ́ ló kọ́kọ́ dán irú nǹkan báyìí wò. Ní Íńdíà, àwọn ará oko máa ń gbé ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fa omi sórí ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń pè ní jugaad. Ó ran tálákà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò bá òfin ààbò mu, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn. Ṣé ó dìgbà tí ilé ẹjọ́ bá bá wa dá sí i ká tó ṣe é bó ṣe yẹ? Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn ni pé kí wọ́n pe ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, VIO àti Road Safety jókòó. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ti yí ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà: bíréèkì, ìjókòó ẹ́ńjìnì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun nínú ìwé ọkọ̀. Kí wọ́n má sọ ọ́ di ibi tí wọ́n á ti máa gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ o. Póòlì Ìrèé ò jìnnà sí wa, kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ wá kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ọpọlọ yín pé, a mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣáná. Ẹ kó ẹrù sí i, ẹ wà á lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì. Bó bá dúró, ẹ wá hó yèè. Èmi náà á bá yín hó o.