Ọmọbìnrin Wa Lórí Ìtàgé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nínú eré Kérésìmesì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ́. Ó ní ọmọlúàbí kì í rán ọmọ rẹ̀ lọ sórí ìtàgé. A kò bá a jà, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ ìtàn obìnrin kan.

Abíọ́dún Dúró Ládípọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Dúró Ládípọ̀, dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ní Òṣogbo nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń pe òṣèré ní alágbe. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ọba Kòso. Ọkọ a máa ṣe Ṣàngó, aya a sì máa ṣe Ọya. Ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí dé Berlin ní 1964 àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Wọ́n dé orí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, nínú Bodè Wásinmi.

Abíọ́dún ṣe Mọ́remí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní. Àwa tí àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá mọ ìtàn náà: Mọ́remí jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn. Ó gba ìlú là, ó sì fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀ níwájú èrò, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ní oṣù kẹta 1978, ọkọ kú. Ṣàngó lọ, ṣùgbọ́n Ọya kò ká aṣọ eré sínú àpótí. Abíọ́dún ń bá iṣẹ́ lọ, ó sì tún gbé Ọba Kòso dìde fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe ìtàgé ló ń ba ọmọ jẹ́. Kí ọmọ máa dá nìkan rìn bọ̀ lóru ni ẹ̀rù ń bà wá, ẹ̀bi àwa àgbà sì ni. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ìdánrawò yóò máa parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá méjì yóò sì máa jókòó ti àwọn ọmọ.

Bàbá wa, ipa Màríà ni ọmọ yín ń kọ́. A kò tíì fún ẹlòmíràn.