Ìwọ̀n Ohùn Sípíkà Inú Ilé àti Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ ohùn ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí: ohùn sípíkà kékeré tí ń gbọ́ àṣẹ ẹnu, èyí tí ó ti di ará ilé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa, pàápàá àwọn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ìmáàmù ní í ṣe pẹ̀lú sípíkà. Ìdáhùn wa ni pé níbi tí ohùn bá ti ń jáde láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wọ etí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti wọ ibẹ̀, kò sì yẹ kí a dákẹ́.

Ní ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Amazon kọ́kọ́ gbé Echo jáde ní Amẹ́ríkà. Google gbé Google Home jáde ní 2016, Apple sì gbé HomePod jáde ní 2018. Gbogbo wọn ni a lè fi ẹnu darí. Bí ènìyàn bá pe orúkọ Alexa, tí ó sì dá nọ́ńbà kan fún un láti 1 dé 10, ohùn Echo yóò bọ́ sí orí nọ́ńbà náà. Ti Google ń gba ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìbáà ṣe 30, ìbáà ṣe 70. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá nọ́ńbà lè ní kí ẹ̀rọ gbé ohùn sókè tàbí kí ó dín in kù, yóò sì ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Nínú ìrọ̀rùn yìí gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí ó jẹ́ rédíò ni ó wà lórí tábìlì bàbá, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ sókè ní láti dìde, kí ó rìn dé ìdí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yí i. Nínú ìrìn náà, ojú rẹ̀ lè kan ẹni tí ń sùn lórí àga, tàbí ìyá tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nísinsìnyí, ẹni tí ó wà ní ilé ìdáná ni yóò pàṣẹ, etí ẹni tí ó wà ní pálọ̀ ni yóò sì ru ẹrù àṣẹ náà. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Kò gbọ́ ti ẹni tí ó dákẹ́. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó dákẹ́ yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n ohùn sípíkà: ẹni tí ń sùn, ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà, àti aládùúgbò tí kò mọ ìgbà tí a ra ẹ̀rọ.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú kíké mọ́ ẹ̀rọ. Bí ohùn sípíkà bá ti le jù, agbára káká ni yóò fi gbọ́ ẹni tí ń pè é, nítorí pé ariwo tirẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù. Àwọn tí ó ṣe é ti gbìyànjú láti kọ́ ọ bí yóò ti máa yọ ohùn ara rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ó ń gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá jìnnà sí i yóò pè é títí, yóò sì di aláriwo nínú ilé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bá bàbá kan tí ń jágbe mọ́ Alexa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì rò pé àwọn ni ó ń bá wí. Kí a dá nọ́ńbà kékeré fún un kí ìròyìn tàbí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí ariwo bá sì ti sọ, ọwọ́ yá ju ẹnu lọ. Bọ́tìnnì àfikún àti àdínkù wà lórí ọ̀pọ̀ Echo. Ní ti Nest Mini, a ó fi ìka kàn án ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún àfikún, ní ẹ̀gbẹ́ òsì fún àdínkù. Ohun tí a bá fẹ́sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ òru. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi àláàmù sípíkà jí sí ìrun àsùbáà, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ohùn àláàmù yàtọ̀ sí ìwọ̀n ohùn tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ẹni tí ó dín ohùn Echo kù sí 2 kí ó tó sùn lè rò pé òun ti ṣe ẹ̀tọ́, kí àláàmù sì dún lókè bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Inú áàpù Alexa lórí fóònù, níbi ètò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ni a ti lè ṣe é. Inú áàpù Google Home ni ti Google wà. Ní oṣù kẹfà ọdún, nígbà tí òru Lọ́ńdọ̀nù kúrú jù, àsùbáà ń wọlé kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù. Òfin ariwo ti ọdún 1996 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ka aago 11 alẹ́ títí di aago 7 òwúrọ̀ sí wákàtí òru, tí ìjọba ìbílẹ̀ lè bá onílé aláriwo ṣe ẹjọ́. Ògiri fúláàtì kò nípọn. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a jí láti sin Ọlọ́hun, kí a sì fi jíjí náà jẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí Ó fi ṣe aládùúgbò wa?

Google ti ṣe ètò òru kan tí ń dín ohùn kù fúnra rẹ̀ ní wákàtí tí a bá yàn. Ní 2018, Amazon náà kọ́ Alexa láti máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dá ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lóhùn. Bí ẹ̀rọ bá lè kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lóru, kí ni àwáwí ọmọ ènìyàn? Ẹni tí ó bá sì ń bá irú onílé bẹ́ẹ̀ gbé, kí ó má ṣe dijú. Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ìkẹta, ẹ ṣàánú etí yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn tí ó le tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọmọdé jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 75. Bí ohùn bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lé sí i, wákàtí náà yóò dín sí ìdajì: 40 di 20, 20 di 10. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ nìkan, nítorí pé 5 lórí sípíkà ńlá lè le ju 8 lórí kékeré lọ.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa. Alexa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Jámánì, Lárúbáwá àti àwọn èdè mìíràn. Yorùbá kò sí lára wọn. Nítorí náà, ìyá tí ó ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ ní Peckham ń bẹ nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ọmọ ọdún márùn-ún lè pa lẹ́nu mọ́, tí òun kò lè bá wí. Yóò ní, "Ẹ bá mi dín in kù," àwọn ọmọ-ọmọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Èyí kò dára. Ní ọjọ́ tí ìyá bá dé, bí ẹ ti ń fi ẹ̀rọ ìdáná hàn án, ẹ fi bọ́tìnnì sípíkà hàn án pẹ̀lú. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Bí ó bá sì wí pé ó tó, kí ọmọ má ṣe bá a jiyàn.

Ìkarùn-ún, bí ó bá jẹ́ kíké Àlùkùránì ni sípíkà ń ké, tí àlejò sì wọlé tí ọ̀rọ̀ di púpọ̀, ẹ má ṣe dín in kù sí 1 kí ẹ máa tàkúrọ̀sọ lé e lórí. Ẹ dá a dúró. Ohun tí ó yẹ kí a tẹ́tí sí kì í ṣe ohun tí a fi ń bo ìdákẹ́jẹ́ ilé.

Ẹnì kan yóò wí pé, "Ilé mi ni, owó mi ni mo sì fi rà á." Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ jẹ́ ti ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ohùn tí ó ti inú rẹ̀ jáde ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ó ti dé ibi tí owó onílé kò rà. Nítorí náà, ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù tí ó ní irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ kí ó máa dún bí ó ti máa ń dún, kí ó bọ́ síta, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì dúró níbi tí aládùúgbò rẹ̀ ń dúró. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ já gaara, ó ti le jù. Kí ó padà wọlé, kí ó dín in kù, kí ó yẹ àláàmù wò, kó tó sùn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìrọ̀rùn wa di ìnira fún ẹlòmíràn. Àmín.