Ìkìlọ̀: Itẹ́ Òkú Àwọn Bàbá Wa Kì Í Ṣe Pulọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin ará Ìbèṣè àti gbogbo etí ọ̀sà Ìkòròdú, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ilẹ̀ ti wọ́n gógó ládùúgbò wa. Itẹ́ òkú àtijọ́ tí kò ní ọgbà, tí kò ní ìwé, tí igbó ti bò, ilẹ̀ òfìfo ni lójú ẹni tó ń wá ohun tí yóò tà.

Ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tó kú ní ọdún 1891. Ní 1971, wọ́n fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì ìjọba síbẹ̀, Gómìnà Mobọ́lájí Johnson sì pàṣẹ kí wọ́n hú àwọn sàréè ibẹ̀. Wọ́n kéde pé kí àwọn ìdílé wá gba egungun ẹni wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gba ti Crowther, tí wọ́n tún un sin sí Kàtídírà Marina. Àwọn tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ńkọ́?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ìkéde kò lè gba òkú tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú sàréè rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan mú àgbà tó ṣì rántí lọ sí itẹ́ òkú àdúgbò wa, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò òkúta sàréè láàárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn; lẹ́tà tó ti ń parẹ́ máa ń hàn nígbà náà. Ẹ má fi ásíìdì tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Ẹ má dáná sun igbó ibẹ̀, ẹ má sì gé pèrègún, ó lè jẹ́ òun ni àwọn àgbà fi pààlà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rì gbọọrọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ sàréè tí kò ní òkúta.

Kí àwọn baálé, ìmáàmù àti àlùfáà jọ gba sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó wọn ilẹ̀ náà, kó sì fi àwòrán rẹ̀ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní ará ìlú. Bí ìjọba bá dé, ẹ jẹ́ kó bá ìwé lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan, ẹ bi àwọn arúgbó àdúgbò. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo dúkìá ka títa ilẹ̀ tí èèyàn mọ̀ pé kì í ṣe tòun sí ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ẹ bá rí katapílà tàbí èèkàn tuntun ní itẹ́ òkú, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, kí ẹ sì dé ààfin àti àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.