Ta Ló Ní Ká Má Gbé Abọ́ Ìrẹsì Káàkiri Mọ́?

Ẹ̀yin ará wa l'Àbújá,

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo wa la máa ń rántí ìgbà èwe: aṣọ tí wọ́n rán tó tóbi jù wá lọ kó lè ṣe é wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, adìyẹ tí wọ́n so mẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé, báńgà tí à ń yìn, owó ọdún tí ìyá wa bá wa tọ́jú tí a ò rí mọ́ títí dòní. A ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, àwa fúnra wa la pa á tì.

Ẹ rántí abọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìrẹsì nílé, ìyá wa ti to abọ́ sílẹ̀: ti ìyá arúgbó ojúlé kejì, ti Alájì iwájú ilé, ti télọ̀, ti bàbá ọlọ́dẹ. Àwa ọmọ la ó gbé e lọ. A ó kúnlẹ̀, a ó ní, "Màámi ní ká gbé e wá, ẹ kú ọdún." Wọ́n á ní, "Ọdún á yabo." Bó bá wá di Iléyá, abọ́ yẹn náà ló ń gbé ẹran bọ̀ wálé. Oúnjẹ ló ń wá èèyàn lọ sílé nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń tò lẹ́nu géètì nítorí ìrẹsì.

Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ dé. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú n'Íbàdàn níbi tí wọ́n ti fẹ́ bá wọn ṣọdún, tí èrò ń tẹra wọn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù kan náà, èèyàn 10 tún kú níhìn-ín ní Maitama, láàárọ̀ kùtù, níbi tí wọ́n ti lọ gba oúnjẹ Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọdé wà nínú wọn. A ò bá ẹni tó fẹ́ ṣoore wí o. Ara wa là ń bá wí. Àwọn tó jí lọ tò yẹn, ṣé wọn ò ní aládùúgbò ni?

Àwọn kan á ní oúnjẹ ti wọ́n. Òótọ́ ni, àpò ìrẹsì kọjá 100,000 náírà lọ́jà púpọ̀ lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìrẹsì pọ̀ nílé tiwa? Ọ̀pọ̀ wa, ọjọ́ ọdún là ń rí i jẹ, síbẹ̀ wọ́n bù fún èèyàn.

Àwọn mìíràn á ní, "A ò mọ aládùúgbò wa, wọ́n lè fura sóúnjẹ wa." Àrùn tí à ń sọ gan-an nìyẹn! Èèyàn á gbé ọdún mẹ́jọ ní Lugbe tàbí Kubwa, kò ní mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ gbé módù ìrẹsì kan tí ẹ ò sè àti òróró díẹ̀ fún wọn. Ta ni yóò fura síyẹn?

"A ti fún ṣọ́ọ̀ṣì." Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ pé mẹ́gáàdì yín ò tíì jẹun. Àwa tí à ń gba Lọ́kọ́ja lọ sílé ńkọ́? Mẹ́gáàdì yẹn náà la fi ń ṣọ́lé dè wá.

Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Lọ́jọ́ Kérésì yìí, kí a tó jẹun, abọ́ mẹ́ta péré: ọ̀kan fún aládùúgbò tí a ò mọ̀, ìbáà ṣe Gbagyi tó nilẹ̀, ìbáà ṣe Haúsá tàbí Ígbò, ọ̀kan fún ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ọ̀kan fún ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ má fi rán dírẹ́bà o. Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ fún kó gbé e, kó kúnlẹ̀, kó kí wọn. Bí a kò bá rán an, kí ni òun náà fẹ́ rántí lọ́la?

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.