Wákàtí kan péré, wọ́n ní o ti níṣẹ́ lọ́wọ́

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àbúrò mi ọkùnrin ti parí yunifásítì. Ní àárọ̀ Sátidé, ó máa ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọ mọ́tò, owó tó ń rí níbẹ̀ kò ju owó dátà lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi í níbi ìgbéyàwó pé, "Kí lò ń ṣe báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo wà nílé." Kò tiẹ̀ mẹ́nu ba mọ́tò fífọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò ìjọba, àbúrò mi ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ rántí ọdún 2023. NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà, kéde pé ìdá 4.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìdá 33.3 ni wọ́n pè é ní ìparí 2020. Ṣé iléeṣẹ́ ló hù bí olú ni? Rárá o! Òdiwọ̀n ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Báyìí, tó o bá ti fi wákàtí kan ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀, o ti kúrò níbẹ̀.

Mi ò sọ pé wọ́n purọ́. Òdiwọ̀n tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, fọwọ́ sí ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé "aláìníṣẹ́" kì í ṣe òkúta tó wà nílẹ̀ tí a kàn ń ṣà kà. Èèyàn ló jókòó, tó fa ilà, tó ní ìhín ni iṣẹ́, ọ̀hún ni àìríṣẹ́. Peter Berger àti Thomas Luckmann kọ odidi ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1966: ọ̀pọ̀ ohun tí a gbà pé bó ṣe wà nìyẹn, àwa èèyàn la jọ gbé e kalẹ̀, a wá gbàgbé pé àwa ni.

Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ń fi olùwádìí tó ń jókòó ti èèyàn gbọ́ tẹnu wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìtàn lásán ló ń kó jọ. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ogún èèyàn kò lè sọ iye aláìníṣẹ́ tó wà nílùú. Nọ́ńbà la nílò fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè sọ ìdí tí ẹni tó ń fọ mọ́tò fi ní òun wà nílé. Jókòó ti àbúrò mi, wàá gbọ́ ọ: lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ni ohun tó lè sanwó ilé, tí ìyá wa lè fẹnu sọ láàárín ẹbí. Iṣẹ́ tí kò lè lé ìṣẹ́ lọ, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Kí ìjọba máa kà wá, ó dáa. Àmọ́ kí wọ́n tó yan iṣẹ́ fún wa lórí ìwé, kí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ohun tí a ń pè ní iṣẹ́.

Ìwọ tó ò ń kà á yìí ńkọ́? Tí wọ́n bá bi ẹ́ lálẹ́ yìí, kí lo máa ní ò ń ṣe?