Ẹ̀rọ Ti Rojọ́, Ta Ló Gbọ́ Tẹnu Ènìyàn?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, ènìyàn méjì ló wà lọ́kàn wọn, olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́. Lóde òní, ẹ̀rọ náà ti ń rojọ́, ohùn ẹ̀rọ kì í sì í gbọ̀n bó bá ń parọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìlú Ọba. Láti 1999 ni Post Office, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, ti ń kó ìṣirò owó àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sórí Horizon, ètò kọ̀ǹpútà tó ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Fujitsu wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka náà kò ju ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, tí wọ́n sì ti ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó àdúgbò. Kò pẹ́ tí Horizon fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín.

Jo Hamilton, tó ń bójú tó ẹ̀ka abúlé South Warnborough, tẹ àwọn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ láago. Bó ṣe ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀, gbèsè £2,000 tó wà lójú ẹ̀rọ di £4,000 níṣojú rẹ̀. Wọ́n ní kó san án. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó figbe ta ni wọ́n sọ fún pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2010, wọ́n rán Seema Misra, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ náà, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 15 toyún-toyún, pé ó jalè. Nígbà tí yóò fi di 2015, àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi lé ní 900.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe, ó parí. Rárá o. Ẹ̀rọ kì í wọ aṣọ adájọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí ẹnìkan bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni ọlọ́jà abúlé ṣe fẹ́ rí inú ẹ̀rọ tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀? Ènìyàn ló kọ̀ tí kò bi ọmọnìkejì rẹ̀ léèrè, ìyẹn ló sì ń dunni jù.

Àwọn kan bèèrè ṣá. Àwọn ará abúlé Jo Hamilton dá owó fún un, wọ́n sì tẹ̀ lé e dé ilé-ẹjọ́, nítorí ìwà rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ Horizon. Alan Bates, tó pàdánù ẹ̀ka rẹ̀ ní Llandudno ní 2003, wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn títí 555 nínú wọn fi pe Post Office lẹ́jọ́. Ní 2019, adájọ́ gbà pé àṣìṣe wà nínú Horizon. Ní 2024, ilé aṣòfin fi òfin pa ẹ̀bi rẹ́ lọ́rùn ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Àwọn mìíràn ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Lọ́jà tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin á na fóònù sí ìyá aláta: báǹkì ti yọ owó, àlẹ́ẹ̀tì ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì pọ̀ nígboro, kò sẹ́ni tó lè bá oníṣòwò wí bó bá ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n láti ìṣọ́ra dé "Olè!" kò jìnnà lọ́jà. A ṣì ń rí àwọn ìyá tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi: ibo lo ń gbé, ta ni ìyá rẹ? Wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn páálí, wọ́n á di ata náà lé e lọ́wọ́: "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Bó bá wọlé, mà á pè ọ́."