Ẹ má jẹ́ kí àsáínmẹ́ńtì lé yín kúrò ní yunifásítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ padà sílé ìwé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ ti ń bọ́ ọmọ, tẹ́ ẹ ti ń san owó ilé, ẹ súnmọ́bí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

1. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìlóye ló ń lé àwa àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nílé ìwé. Ẹ̀rù ìwé kíkọ ni. Ẹni tó lè ṣàlàyé fún oníbàárà ìdí tí owó ìránṣọ fi lọ sókè, tí oníbàárà á sì gbà, ẹni náà mọ àríyànjiyàn ṣe. Ṣùgbọ́n ní kó kọ ojú ìwé mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

2. Télọ̀ ni mí ní Ìlobùú, ọmọ ọdún 31. Ọ̀sán ni mò ń ránṣọ, òru ni mò ń kàwé. Àwọn tá a jọ ń ṣe kíláàsì ń pè mí ní "Àǹtí". Ẹ̀rù tí mò ń sọ yìí, ohun mẹ́ta ló ń bọ́ ọ: ọjọ́ orí, èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti bíírò pupa.

3. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ orí. Ọbásanjọ́ ni ààrẹ nígbà tí wọ́n tún jí National Open University dìde ní 2001, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti tì í pa ní 1984. Òun fúnra rẹ̀ wá lọ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 80 kó tó gba PhD. Gómìnà wa, Adémọ́lá Adélékè, ti lé ní 60 kó tó gboyè ní Atlanta ní 2021. Ẹ ó ní olówó ni wọ́n, wọ́n ráyè. Òótọ́ ni. Èmi ò lè fi ara mi wé wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ju pé ọjọ́ orí nìkan kì í di èèyàn lọ́wọ́ jàre.

4. Ó kan Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ ò rí nǹkan! Èdè tí èèyàn fi ń ronú kì í bá èdè tó fi ń kọ̀wé jà.

5. Ọ̀nà tí mò ń gbà nìyí: mi ò kọ́kọ́ ń kọ nǹkan kan. Mo máa gbé fóònù, mo máa fi Yorùbá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ jiyàn. Mo máa gbọ́ ọ padà, mo máa mú kókó mẹ́ta jáde. Ìgbà yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Gẹ̀ẹ́sì á rọrùn tí ọ̀rọ̀ bá ti wà nílẹ̀.

6. Ẹ ó ní ṣebí ChatGPT wà. Ó wà o. Ṣùgbọ́n ó lè dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí fún yín, kó sì dá yín lójú. Tí olùkọ́ bá ní "ṣàlàyé ohun tó o kọ yìí", ẹnu yín ló máa là, kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

7. Kí wá ni ìwé kíkọ ní yunifásítì gan-an? Ta ló sọ ọ́? Ibo ló ti sọ ọ́? Kí ni ẹlòmíì sọ? Kí ni ìwọ wá rò? Ó tán. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

8. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kàn mí jù. Bàbá mi ọmọ Ìlobùú, ìyá mi ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Ní 2025, ó le débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìlobùú ni Ìrẹ́pọ̀dùn, ẹ wo ọ̀rọ̀! Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi nílé bàbá yàtọ̀ sí ti ilé ìyá. Lórí fóònù wa yìí náà, a kàn ń fi voice note èébú ránṣẹ́ síra wa ni.

9. A nílò ọmọ ìlú méjèèjì tó lè jókòó, kó kọ ohun tí Ìlobùú sọ, kó kọ ohun tí Ìfọ́n sọ, kó béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, láìbú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí àsáínmẹ́ńtì ń kọ́ wa nìyẹn. Tí ẹ̀rù bá lé wa sá kúrò nídìí ẹ̀, àwọn tó ń pariwo nìkan ló máa máa sọ ìtàn wa.

10. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ ìwé tó dáa hàn wá kẹ́ ẹ tó gbé bíírò pupa. Èèyàn kì í fún ọmọ iṣẹ́ ní ṣíọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kìíní pé kó gé aṣọ oníbàárà.

11. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bíírò pupa kì í ṣe èpè. Níbi tí wọ́n bá ti kọ "ẹ̀rí dà?", ẹ lọ wá ẹ̀rí. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lálẹ́ òní, kí oorun tó gbé yín lọ. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wù kó wọ́. Ohun tó bá ti wà nílẹ̀ la lè tún ṣe.